Ẹ Ka Kírẹ́díìtì Ọmọ Yín Bí Ẹni Ń Ka Owó Àjọ: Ọ̀nà Tí Ọmọ Fi Ń Gba Diploma ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Amẹ́ríkà

Kírẹ́díìtì tí a mọ̀ nílé kọ́ ni kírẹ́díìtì tí wọ́n ń sọ ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti máa ń dojú rú fún àwa òbí. Nílé, tí ẹnì kan bá ní òun ní kírẹ́díìtì márùn-ún, ohun tó ń sọ ni pé òun gba C6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ márùn-ún ní WAEC. Bí ọmọ ṣe mọ̀wé tó ni kírẹ́díìtì yẹn ń wí. Ní Amẹ́ríkà, kírẹ́díìtì kan sábà máa ń túmọ̀ sí pé ọmọ jókòó sí kíláàsì fún ọdún kan, ó sì yege nínú kọ́ọ̀sì náà. Ìbáà gba A, ìbáà rá pálá gba D níbi tí D ti jẹ́ máàkì ìyege, kírẹ́díìtì kan náà ni.

WAEC ti kọ́ wa pé ìdánwò ìkẹyìn ló lágbára jù. Ẹni tó fi SS1 àti SS2 ṣeré lè jí gìrì ní SS3, kó máa lọ sí lẹ́sìnnì nírọ̀lẹ́, kó fi òru kàwé, kí gbogbo rẹ̀ sì já sí ayọ̀. Ti Amẹ́ríkà dà bí àjọ. Ojoojúmọ́ ni alájọ ń yà, tó ń fàlà sí káàdì. Ọjọ́ tí ẹ kò bá dá, àyè ọjọ́ yẹn á ṣófo, bí oṣù bá sì parí, iye tí ẹ dá lẹ máa kó. Kíláàsì 9 ni káàdì ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọ̀pọ̀ wọn nígbà náà, òbí kì í sì í fura.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan parí SS1 ní Ìbàdàn kó tó dé Texas. Ìwé èsì rẹ̀ kò tíì dé nígbà tí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ sì fi í sí kíláàsì 9. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò burú, pé á fi mọ ilẹ̀ tó dé. Ọdún kan àbọ̀ kọjá kí a tó mọ̀ pé ọmọ tó yẹ kó máa múra àtijáde ṣì wà ní kíláàsì 10. Ohun tí a ṣe láti fi tún un ṣe, àti ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà lọ́dọ̀ àwọn òbí mìíràn, ni mo kó jọ síbí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ òfin tó de ọmọ yín

Kò sí òfin kan ṣoṣo fún gbogbo Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, school district, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àdúgbò, sì lè fi kún un. Maryland ń béèrè kírẹ́díìtì 21, Texas àti New York ń béèrè 22, Florida ń béèrè 24. Ẹ má kàn gbé iye wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn o. Nínú ìlú New York, 44 ni wọ́n ń kà, nítorí pé ìdajì ọdún kọ̀ọ̀kan ni kírẹ́díìtì kan lọ́dọ̀ wọn: 44 ti ìlú àti 22 ti ìpínlẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Indiana náà ń kà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni diploma tuntun wọn, tí yóò bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn tó ń jáde ní 2029, fi jẹ́ 42. Bí ẹ bá ń kó kúrò ní ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi ilé-ẹ̀kọ́ tuntun ni bóyá ọdún kan ni kírẹ́díìtì kan níbẹ̀ àbí ìdajì ọdún.

Lẹ́yìn ìpínlẹ̀, ó kan ọdún. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù: ọdún tí ọmọ wọ kíláàsì 9 ló sábà máa ń sọ òfin tó de é. Bí ìjọba bá fẹ́ yí nǹkan padà, wọn kì í dédé já a lu ọmọ tó ti wà ní kíláàsì 12. Wọ́n á ní ó bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó wọlé lọ́dún báyìí, tàbí àwọn tó máa jáde lọ́dún báyìí. Ní Florida, gbogbo ọmọ tó wọ kíláàsì 9 láti ọdún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024 gbọ́dọ̀ ṣe kọ́ọ̀sì ìdajì kírẹ́díìtì lórí ọ̀rọ̀ owó: bí a ṣe ń ná an, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, bí gbèsè ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó ti wọlé lọ́dún tó ṣáájú kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Ní California, àwọn tó máa jáde ní 2031 ni irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ mú. Nítorí náà, "ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ṣe é" kì í ṣe ẹ̀rí rárá. Ọmọ ìyá méjì nínú ilé kan lè wà lábẹ́ òfin méjì.

Ẹ wọ ìkànnì ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ tẹ "graduation requirements" àti ọdún tí ọmọ wọ kíláàsì 9. Lẹ́yìn náà ẹ wá "course catalog" ti school district yín. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, èyí tó béèrè jù ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ ya káàdì àjọ náà sórí ìwé

Ẹ mú bébà, ẹ fa ìlà, ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye kírẹ́díìtì tó nílò. Mo máa fi Texas ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì 4, ìṣirò 3, sáyẹ́ǹsì 3, ìmọ̀ àwùjọ 3, èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì 2, eré ìdárayá 1, iṣẹ́ ọnà 1, kọ́ọ̀sì àṣàyàn 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 22. Ẹ gba transcript ọmọ lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀, ìyẹn olùgbaninímọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́. Kì í ṣe káàdì máàkì tó ń gbé wálé ni mò ń wí. Transcript ni, èyí tó ka gbogbo kọ́ọ̀sì láti kíláàsì 9. Ẹ wá fi bírò fàlà sí ohun tó ti kọjá. Ẹ wo kíláàsì 8 pẹ̀lú, torí pé ọmọ tó bá ṣe Algebra I níbẹ̀ lè ti ní kírẹ́díìtì kan nínú àpò kó tó dé girama.

Àmọ́ 22 yẹn, ìlẹ̀kùn tó kéré jù lọ ni. Láti ìgbà tí òfin 2013 ti fi ètò yìí lélẹ̀, Texas ń retí pé kí ọmọ tó bá wọ kíláàsì 9 yan ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní endorsement: sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, òwò àti iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ ìlú, iṣẹ́ ọnà àti ìmọ̀ ènìyàn, tàbí àdàlù wọn. Ìyẹn gbé kírẹ́díìtì dé 26. Lókè rẹ̀ ni Distinguished Level of Achievement wà, ó nílò ìṣirò 4 tí Algebra II gbọ́dọ̀ wà nínú wọn, sáyẹ́ǹsì 4, àti endorsement kan. Ọmọ tó bá fẹ́ kí yunifásítì ìjọba Texas gbà á láìjanpata nítorí pé ó wà lára ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó ta yọ jù ní kíláàsì rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ìpele yìí. University of Texas tó wà ní Austin tún mú ìlà tirẹ̀ le ju ìdá mẹ́wàá lọ.

Lẹ́yìn kíláàsì 10, ilé-ẹ̀kọ́ lè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sílé pé kí òbí fọwọ́ sí i kí ọmọ lè jáde láìní endorsement. Nígbà mìíràn ó tọ́ bẹ́ẹ̀: ọmọ lè ti dé lẹ́yìn, kí àkókò má sì sí mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìyá tó fọwọ́ sí i lẹ́yìn iṣẹ́ òru, nínú ọkọ̀, láìkà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí káńsẹ́lọ̀ ṣàlàyé ilẹ̀kùn tí ìbuwọ́lùwé yẹn máa tì.

Bí ọmọ bá ti ilé dé

Ọmọ tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ìwé rẹ̀ ni owó àjọ tó ti dá sẹ́yìn. Bí a bá ka ọdún, JSS3 ló bá kíláàsì 9 Amẹ́ríkà dọ́gba, SS1 bá 10, SS2 bá 11. Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń kó èsì SS nìkan dání, wọ́n á ní ti jùníọ̀ ti kọjá. Àṣìṣe ńlá ni. Èsì JSS3 lè fún ọmọ ní kírẹ́díìtì odidi ọdún kan.

Kí ọmọ tó wọ bàálù, ẹ gba èsì sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ọdún kọ̀ọ̀kan láti JSS3, kí òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àti ìbuwọ́lùwé ọ̀gá wà lórí rẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fún ni ní máàkì, torí 65 tó jẹ́ máàkì gidi nílé lè dà bí ìjákulẹ̀ lójú ẹni tó ń kà á ní Houston. Ẹ gba ìlànà iṣẹ́ ìṣirò pẹ̀lú. Nílé, Mathematics ni orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbí, wọ́n pín in sí Algebra I, Geometry àti Algebra II. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò kò lè mọ̀ pé ọmọ ti ṣe geometry bí kò bá rí i lákọsílẹ̀.

Bí wọ́n bá sì kọ̀ láti gba iṣẹ́ kan, ẹ béèrè ìdánwò tí ọmọ lè fi gba kírẹ́díìtì náà. Ní Texas, ọmọ tí wọ́n ti kọ́ ní iṣẹ́ náà rí nílò 70, èyí tí wọn kò kọ́ rí nílò 80. Ọ̀nà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi gba ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì rẹ̀ padà nìyẹn, lẹ́yìn tí ìwé ti ti Ìbàdàn dé. Ó dùn mí pé a kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí n sọ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ń bà lẹ́rù: ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dájọ́ ní 1982, nínú ẹjọ́ Plyler v. Doe, pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò lè lé ọmọ sẹ́yìn nítorí pé kò ní ìwé. Ẹ má fi ọmọ sílé nítorí èyí.

Ìdánwò ìjáde: ibi tí ìyípadà pọ̀ sí jù

Ní ogún ọdún sẹ́yìn, nǹkan bí ìdajì ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló ní ìdánwò tí ọmọ gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀ kó tó gba diploma. Lónìí, wọn kò tó mẹ́wàá mọ́. California pa tirẹ̀ tì ní 2015, ó sì fún àwọn tí ìdánwò náà nìkan ti dá dúró ní diploma wọn. Georgia náà pa tirẹ̀ tì lọ́dún kan náà. Ní Massachusetts, ìdánwò MCAS ti ń de àwọn ọmọ láti orí àwọn tó jáde ní 2003, títí àwọn olùdìbò fi yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí a fi ń jáde ní oṣù kọkànlá 2024. Àwọn ọmọ ṣì ń ṣe ìdánwò náà níbẹ̀, kò kàn lè dá diploma dúró mọ́ ni. School district ló máa jẹ́rìí pé ọmọ ti parí iṣẹ́ tó yẹ.

New York ló gba ìrònú jù. Ìdánwò ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Regents ti wà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Títí di ìsinsìnyí, ọmọ tó fẹ́ Regents diploma gbọ́dọ̀ gba 65 nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ, kó sì fi ọ̀kan sí i. Ètò tí ìgbìmọ̀ Regents, tó ń darí ètò ẹ̀kọ́ New York, là sílẹ̀ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ 2027 sí 2028, ìdánwò náà kò ní jẹ́ dandan fún diploma mọ́, ọmọ á lè fi ọ̀nà mìíràn hàn pé òun mọ ohun tí wọ́n kọ́ òun. Ohun tí mo bẹ̀rù ni kí àwọn ọmọ gbọ́ èyí lẹ́nu ara wọn, kí wọ́n sì túra sílẹ̀. Ìdánwò ni wọ́n ń yọ, wọn kò yọ kírẹ́díìtì 22. Ọmọ tó máa jáde kí àkókò yẹn tó dé, ìdánwò náà ṣì dè é pátápátá.

Ní Texas, ìdánwò STAAR márùn-ún ló wà fún girama: Algebra I, Biology, English I, English II àti ìtàn Amẹ́ríkà. Bí ọmọ bá kùnà nínú ọ̀kan tàbí méjì, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ìgbìmọ̀ kan wà tí ilé-ẹ̀kọ́ máa ń gbé kalẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òbí wà lára rẹ̀, wọ́n sì lè pinnu pé kí ọmọ ṣe iṣẹ́ àfikún kó tó jáde. Ẹ fi ẹnu yín béèrè fún un. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà tún ṣe òfin ní 2025 pé àwọn ìdánwò kúkúrú mìíràn yóò rọ́pò STAAR láti ọdún ẹ̀kọ́ 2027 sí 2028, nítorí náà òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì 8 tàbí 9 báyìí gbọ́dọ̀ máa tún bi ilé-ẹ̀kọ́ léèrè lọ́dọọdún.

Àwọn ohun tí kì í ṣe kọ́ọ̀sì

Maryland ń béèrè wákàtí 75 iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwùjọ. Iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe nínú ẹgbẹ́ ìlú yín tàbí ní ilé ìdáná àwọn aláìní lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ gba àṣẹ káńsẹ́lọ̀ ṣáájú, kí ẹ má baà ṣe iṣẹ́ tí wọn kò ní kà.

Texas àti Illinois wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń béèrè pé kí ọmọ kíláàsì 12 kún FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó yunifásítì. Òbí lè fọwọ́ sí ìwé pé òun kò fẹ́, kò sì ní dá diploma dúró. Louisiana ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí, òun náà ló tún yí i padà.

Yorùbá tó wà lẹ́nu ọmọ yín lówó lórí

Èyí dùn mọ́ mi nínú láti kọ. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń béèrè kírẹ́díìtì èdè mìíràn, ọ̀pọ̀ ọmọ wa sì ń fi ọdún méjì kọ́ Spanish láti orí "hola" nígbà tí èdè kan ti wà lẹ́nu wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ school district yín bóyá wọ́n ń fúnni ní kírẹ́díìtì èdè nípasẹ̀ ìdánwò, àti bóyá wọ́n gba Yorùbá. Avant, tó ń ṣe ìdánwò STAMP, ní Yorùbá lára èdè tí wọ́n ń dán wò. Bákan náà ni Seal of Biliteracy wà, àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ diploma ọmọ tó gbọ́ èdè méjì dáadáa. California ló kọ́kọ́ fi í sínú òfin ní 2011, ó sì ti tàn dé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìpínlẹ̀.

Ọmọ gbọ́dọ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀ o, kì í ṣe kó gbọ́ "wá jẹun" nìkan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà lórí WhatsApp ní Yorùbá láti ìsinsìnyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo ilé ti ń kẹ́dùn pé Texas fi í sẹ́yìn, Yorùbá ló fi gba kírẹ́díìtì èdè méjèèjì. Ìyẹn ṣí àyè méjì sílẹ̀ nínú ètò rẹ̀ tó fi kó ìṣirò tó kù sí i.

Ìlẹ̀kùn girama yàtọ̀ sí ti yunifásítì

Ọmọ lè gba diploma kó má sì lè wọ ibi tó ń lọ. University of California ní kọ́ọ̀sì 15 tí wọ́n ń pè ní A sí G, ọmọ sì gbọ́dọ̀ gba C ó kéré tán nínú wọn. D tó fi jáde ní girama kò wúlò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ ka ohun tí yunifásítì tó wù yín ń béèrè nígbà tí ọmọ wà ní kíláàsì 9.

Bí ọmọ bá ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí sáré ìje, tó sì ń fojú sọ́nà fún ìpele kìíní NCAA (àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì), kọ́ọ̀sì pàtàkì 16 ni wọ́n ń béèrè, 10 nínú wọn sì gbọ́dọ̀ parí kó tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì 12. Ní 2023 wọ́n yọ SAT àti ACT, ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, kúrò nínú ohun tí wọ́n ń béèrè, ìyẹn sì jẹ́ kí máàkì inú kíláàsì wúwo sí i. Kóòṣì tó ń sọ pé "má yọ ara rẹ lẹ́nu" kọ́ ló máa fọwọ́ sí ìwé náà.

Bí káàdì bá ní àyè tó ṣófo

Ẹ má pariwo lé ọmọ lórí kí ẹ tó lọ rí káńsẹ́lọ̀. Summer school wà, kọ́ọ̀sì orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún èyí tó kùnà ṣe wà (àmọ́ ẹ bi NCAA tàbí yunifásítì léèrè bóyá wọ́n gbà á), bẹ́ẹ̀ ni ọmọ lè gba kọ́ọ̀sì ní community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ọlọ́dún méjì) kó sì kà fún un ní girama àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ẹ ní kí káńsẹ́lọ̀ kọ èsì rẹ̀ sínú ímeèlì. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró bí káńsẹ́lọ̀ bá pààrọ̀ iṣẹ́.

Fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ní IEP, ìyẹn ìwé ètò ẹ̀kọ́ pàtàkì fún ọmọ tó ní ìpèníjà: ẹ bi wọ́n kedere bóyá diploma gidi ni ọmọ ń lọ fún àbí ìwé-ẹ̀rí pé ó parí ilé-ẹ̀kọ́ lásán. Méjèèjì kò jọra rárá, yunifásítì àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun kì í wò wọ́n bákan náà. Bí ọmọ bá sì gba diploma gidi, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ètò ẹ̀kọ́ pàtàkì ti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba parí nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ṣì ní àǹfààní ọdún bíi mélòó kan sí i.

Ní oṣù karùn-ún ọdún kíláàsì 11, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ohun tó kù fún ọmọ, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà tí ẹ yà fúnra yín. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kìíní kíláàsì 12, nígbà tí àyè ṣì wà láti fi kọ́ọ̀sì kan kún un. Nígbà tí wọ́n bá wá ní kí ọmọ kọ orúkọ tó fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ sórí diploma, ẹ jókòó tì í. Ẹ gbé páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ síwájú, kí orúkọ méjèèjì rí bákan náà lẹ́tà sí lẹ́tà, orúkọ ìdílé ní àyè tirẹ̀, orúkọ àbísọ ní àyè tirẹ̀.